Ajá Tí A Kì Í Pè Lórúkọ

Ajá tó gbé lọ́dọ̀ wa lọ́dún yẹn ní orúkọ, ṣùgbọ́n òfin ilé ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pè é. Ìyá tó bí bàbá mi ló ṣe òfin náà. Iye là ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá ní Ìdànrè, kì í ṣe Màmá, kì í ṣe Ìyá Àgbà. Bí Iye bá sì ti ṣe òfin, kò sí ẹni tó ń bi í léèrè ìdí, nítorí wòlíì obìnrin ni nínú ìjọ aláṣọ funfun tí a ń lọ. Ẹ̀mí máa ń bá a sọ̀rọ̀, bí ẹ̀mí bá sì dákẹ́, òun fúnra rẹ̀ kì í dákẹ́. Ó ti lọ báyìí. Ẹni tó sọ ajá náà lórúkọ ti lọ, ajá pàápàá ti kú tipẹ́, ta ni mo tún fẹ́ pa á mọ́ fún? Ojúòtìẹ́ ni orúkọ rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ti ajá, ilé ẹlòmíràn là ń wò. Bí ọ̀rọ̀ aládùúgbò bá ń dun ni, tí a kò sì fẹ́ kí wọ́n ní àwa la bẹ̀rẹ̀ ìjà, a óò wá ọmọ ajá kan, a óò so ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lọ́rùn, a óò sì máa pè é láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ta ló máa fi ẹjọ́ ènìyàn sùn nítorí pé ó pe ajá rẹ̀ wá jẹun? Ìyá Délé, tí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kọjú sí ilé ìdáná wa, tó jẹ́ pé igi pèrègún díẹ̀ ló la ààlà láàárín wa, mọ iṣẹ́ náà dunjú. Bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, tí àwọn obìnrin ń gún iyán káàkiri àdúgbò, á jáde pẹ̀lú àwo ajá lọ́wọ́, á kọjú sí wa, á na ohùn sókè: "Ojú ò tì ẹ́! Ojú ò tì ẹ́ o! Ṣé o ò gbọ́ ni?" Ìdànrè kì í sì í ṣe ìlú tí ènìyàn ti í pariwo kí ó tán síbẹ̀. Àpáta ńlá tó wà lẹ́yìn ilé wa á gba ọ̀rọ̀ náà, á tún un sọ, àfi bíi pé òkè pàápàá dá sí ìjà náà. Iye kì í fèsì. Ọmọ odó rẹ̀ ló máa ń fèsì. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé kì í ṣe ọgbọ́n ọwọ́ nìkan ni kò jẹ́ kí iyán ilé wa ní kókó láwọn ọdún wọ̀nyẹn, ìbínú wà nínú rẹ̀. Ajá náà á sì sáré jáde, ajá pupa tí etí rẹ̀ kan gé, á máa ju ìrù. Kò mọ̀ pé èébú ni òun ń jẹ́ lórúkọ.

Ọ̀rẹ́ ni àwọn méjèèjì tẹ́lẹ̀. Wọ́n jọ wọ ìjọ, télọ̀ kan náà ló ń rán aṣọ àdúrà wọn, omi kànga Ìyá Délé la sì fi ń ṣe gbogbo nǹkan nílé wa. Lọ́jọ́ kan ni aṣọ pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì di àwátì. Wọ́n wá a títí, wọn kò rí i. Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí orin ṣe gbóná, ẹ̀mí gbé Iye, ó ní òun rí aṣọ funfun nínú ilé tí kànga wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Nínú gbogbo ìjọ wa, ilé ẹnì kan ṣoṣo ni kànga wà. Kò dárúkọ o. Ohun tó ń tẹnu mọ́ nìyẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún: "Èmi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni." Ṣùgbọ́n gbogbo ojú ló yí sí Ìyá Délé. Ó dìde, ó ṣí fìlà funfun lórí, ó jáde, kò sì padà wá mọ́. Nígbà tó yá, wọ́n sún kọ́bọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n lè gbá abẹ́ rẹ̀, wọ́n bá aṣọ pẹpẹ níbẹ̀, eku ti fi tẹ́ ibùsùn fún àwọn ọmọ rẹ̀. Gbogbo àgbà ìjọ lọ bẹ Ìyá Délé. Iye nìkan ni kò lọ. Ó ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a máa jẹ́ ẹ fún. Kò pẹ́ sígbà náà ni Ìyá Délé gbé ọmọ ajá kan wálé, tí èmi sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kéègì lọ pọn omi lójú pópó. Nínú gbogbo ohun tí ìjà àgbà ń bàjẹ́, ọrùn àwọn ọmọdé tó ń ru omi wà níbẹ̀.

Ọdún tí mò ń wí yìí, ajá náà ti darúgbó, ojú rẹ̀ méjèèjì sì ti funfun bí omi ògì. Ìyá Délé ṣubú létí kànga, egungun ìbàdí rẹ̀ dá, Bọ̀dá Délé ọmọ rẹ̀ sì gbé mọ́tò wá láti Èkó láti wá gbé e lọ tọ́jú. Wọ́n ti gbé ẹrù tán, wọ́n ti gbé ìyá sínú mọ́tò, ajá ló kù. Bọ̀dá Délé kọjá láàárín pèrègún, ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe láti ìgbà ìjà, ó dọ̀bálẹ̀ fún màmá mi lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. "Ẹ jọ̀ọ́, Mà. Yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mò ń gbé, onílé mi ò gba ajá. Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀ títí a máa fi rí ẹni tó máa gbà á." Màmá mi kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá. Tí wọ́n bá ní kí ó wá bá wọn gbé òkè Ìdànrè dání, á kọ́kọ́ na ọwọ́ ná. Ó ti gbà kí ó tó rántí ìyá ọkọ rẹ̀. Mo rí Ìyá Délé nínú mọ́tò. Kò wo ọ̀dọ̀ wa rárá, ajá rẹ̀ ló ń wò. Nígbà tí mọ́tò gbéra, ajá náà ń yí orí tẹ̀lé ìró rẹ̀ títí ìró náà fi tán, lẹ́yìn náà ó jókòó sídìí pèrègún, ó kọ orí sí ibi tí kò sí nǹkan kan mọ́.

Iye gbọ́, ó bọ́ sí àgbàlá. "Ajá tí wọ́n fi ń bú mi láti ọjọ́ yìí wá, òun lo ní kí n máa bọ́?" Màmá mi ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Mà. Fún ìgbà díẹ̀ ni." Iye wò ó, ó wo ajá, ó fa àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá. "Kò burú. Àmọ́ n kò fẹ́ gbọ́ orúkọ yẹn nínú ulé mi." Ulé ló ń pe ilé, bí àwọn àgbà Ìdànrè ṣe ń pè é. Bí mo bá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ẹnì kan ní Àkúrẹ́ níbi tí mò ń gbé báyìí, mo máa ń yíjú wo ẹni tó ni ín.

Iye fúnra rẹ̀ ló fún un ní orúkọ tuntun. Bátíméù ló sọ ọ́, nítorí afọ́jú inú Bíbélì, ó tilẹ̀ bu omi àdúrà wọ́n ọn lórí. Ajá náà gbọn omi náà dànù. Bátíméù inú Bíbélì gbọ́ pé wọ́n ń pe òun, ó bọ́ aṣọ rẹ̀ sílẹ̀, ó fò dìde. Tiwa kò mira. A pè é tìfẹ́tìfẹ́, a pè é tìbínútìbínú, bí bàbá mi bá wálé láti oko kòkó lọ́nà Ọ̀fọ̀sù, á pè é pẹ̀lú ẹran lọ́wọ́. Òórùn ẹran ló máa ń dá lóhùn, orúkọ kọ́. Láàárọ̀, bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì bá ti dún, tí ìgbálẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ha ilẹ̀ láti ilé dé ilé, ajá náà á dìde, á máa fi imú wá ọ̀nà, á forí gbá ìkòkò omi, á forí gbá ọlọ. Màmá mi bá ní kí ohun gbogbo dúró sójú kan, kí odó má ṣípò, kí a má gbé àga sílẹ̀ níbi tí àga kì í wà. Kí oṣù náà tó parí, ilé tí a ti máa ń wá nǹkan kiri ti wà létòlétò nítorí ajá tí kò rí i. Èmi ni mo ń bọ́ ọ: èérún iyán, omi ọbẹ̀, egungun ẹja tí mo ti yẹ̀ wò kí ó má há a lọ́fun. Nígbà kòkó, tí mo bá ń fi ẹsẹ̀ tú kòkó lórí àpáta kí oòrùn lè pa á dọ́gba, á dùbúlẹ̀ síbi tí àpáta ti gbóná, á sì máa fi etí tó gé yẹn tẹ̀lé mi lọ tẹ̀lé mi bọ̀.

Ibi tó fẹ́ràn jù lọ ni ìdí odó Iye. Bí Iye bá ti gbé ọmọ odó, ajá á dé, á gbé àgbọ̀n lélẹ̀, á máa gbọ́ bí ilẹ̀ ṣe ń mì. Iye á lé e: "Ṣọ̀ọ́! Kúrò níbẹ̀!" Á sún sẹ́yìn díẹ̀, á tún padà. Ó yà wá lẹ́nu nígbà náà. Mo ti rò ó títí lẹ́yìn ìgbà yẹn, mo sì rò pé mo mọ ìdí rẹ̀. Láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ajá ló ti ń gbọ́ odó yẹn láti òdì kejì pèrègún. Wọ́n á pe orúkọ rẹ̀, odó á dáhùn, oúnjẹ á sì dé. Ohun tí àwọn àgbà méjì fi ń ja ìjà, òun rò pé ìkésíni ni. Nígbà tó ṣe, Iye kò lé e mọ́. Kò kí i, kò wò ó, ṣùgbọ́n mo rí i tó rọra ń sún ẹsẹ̀ kí ó má baà tẹ ìrù rẹ̀.

Orúkọ rẹ̀ àtijọ́ ló ṣì mọ̀. Mo mọ̀ nítorí pé mo máa ń tẹ̀ sétí rẹ̀ nínú ilé ìdáná, tí kò bá sí ẹni tó ń wò mí, mo sì máa ń pè é kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Gbogbo ara rẹ̀ á dìde. Màmá mi sì ń wá ilé fún un. Ẹni àkọ́kọ́ tó gbà á ni Ìyá Tọ́lá ní àdúgbò Àtọ̀sìn, tí òun àti màmá mi jọ ń ta búrẹ́dì. Ó ní gbígbó lòun ń fẹ́, ìríran kọ́. Màmá mi fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sọ orúkọ gidi fún un. Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì parí tí Ìyá Tọ́lá fi fi okùn fa ajá padà wá. "Ẹ gba ajá yín o. Mo jáde láàárọ̀, mo pè é kó wá jẹun, ni ìyá tí a jọ ń gbélé bá ṣílẹ̀kùn jáde sí mi. Ó ní òun ni mò ń bá wí. Mo ní ajá ni mò ń pè. Ó ní ajá wo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Títí di ìsìnyí n ò mọ ohun tó ti ṣe sí mi, àmọ́ ó dájú pé ó ti ṣe nǹkan." Màmá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà ó jókòó, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Gbogbo ẹni tó tún bá sọ ọ́ ló kọ́kọ́ ń béèrè orúkọ ajá, tí wọ́n bá sì ti gbọ́ ọ, wọ́n á wo ilé aládùúgbò wọn, wọ́n á mi orí. Ajá tó fọ́jú, wọ́n lè gbà á. Ajá tó máa dá ìjà sílẹ̀ ní ọgbà wọn ni wọn kò fẹ́.

Bàbá mi, Gbénga ọmọ Iye, tí àdúgbò ń pè ní Alàgbà, kì í ṣe ìkà, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ ni. Ó ní, "Ajá tí kò ríran, kí ló ń ṣọ́ fún wa?" Ó bá Ṣẹ́gun ọlọ́kadà sọ̀rọ̀, Ṣẹ́gun sì ní òun máa gbà á, kò béèrè orúkọ. Gbogbo wa la mọ ìdí tí kò fi béèrè. Ní ọ̀dọ̀ wa, wọ́n ń jẹ ẹran ajá, kò sí ohun tí mo fẹ́ fi pamọ́ níbẹ̀, Ṣẹ́gun ló sì máa ń gbé e lọ fún obìnrin tó ń sè é fún àwọn ọlọ́tí. Mo sunkún títí. Mo lọ bá Iye níbi tó ti ń ṣa kòkó tó bàjẹ́ kúrò nínú èyí tó dára. "Iye, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá bàbá mi sọ̀rọ̀." Kò gbé ojú sókè. "Bọ́sẹ̀, ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ." Ẹnu ọmọdé kò mọ ìwọ̀n, mo ní, "Ó ń gbọ́ ọ, Iye. Ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ ká fọn ọ́n." Màmá mi ké mọ́ mi láti inú ilé ìdáná pé kí n pa ẹnu mi dé. Iye kò bá mi wí. Ó mú hóró kòkó kan lọ́wọ́, ó ń yí i, kò sọ ọ́ sí ọ̀tún, kò sọ ọ́ sí òsì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Ṣẹ́gun dé pẹ̀lú àpò ìdọ̀họ tó ká mọ́ iwájú ọ̀kadà. Òjò ti ṣú, gbogbo àdúgbò wà lórí àpáta, tọmọdé tàgbà ń kó kòkó nílẹ̀. Bàbá mi fi okùn sí ajá náà lọ́rùn, ó fà á lé Ṣẹ́gun lọ́wọ́. N kò mọ ohun tó gbóòórùn lára àpò yẹn. Ó fà sẹ́yìn, ọrùn rẹ̀ tó ti rù bọ́ kúrò nínú okùn, ó sì sáré, ajá tí ẹnikẹ́ni kò rí kó sáré láti ọjọ́ tó ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ó gba àárín kòkó, ó gba ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn kọjá, ó lọ tààrà sí ìhà ibi tí àpáta ti dà bí ògiri wọlẹ̀ sí àfonífojì. Àwa ọmọdé kì í dé ibẹ̀. Àwọn ènìyàn ń kígbe, igbe náà ń lu àpáta, ó ń padà wá láti ibi gbogbo, ajá náà sì ń yí po, kò mọ ibi tí ariwo ti ń wá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ẹ̀yìn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ibi tó ń yọ̀. Bàbá mi ń ké "Bátíméù! Bátíméù!" títí ohùn fi há a. Èmi fẹ́ pe èyí tó mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti gba ohùn lẹ́nu mi.

Ìgbà náà ni mo rí Iye tó dìde. Ó gbọn eruku kòkó kúrò lára ìró rẹ̀, ó rìn bọ́ sí àárín àpáta lójú gbogbo ayé, ó sì pè é, pẹ̀lú ohùn tó fi ń jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀mí nínú ìjọ: "Ojú ò tì ẹ́!" Gbogbo ènìyàn dá igbe dúró, wọ́n yíjú sí i. Kò sí ẹni tí kò mọ ìtàn náà níbẹ̀. Àpáta gbà á, ó sì dá a padà fún un, ketekete, ní ohùn òun fúnra rẹ̀: ojú ò tì ẹ́. Iye dúró. Mo rí i tó gbọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi gbọ́ ọ lẹ́nu Ìyá Délé tí kò ṣe é ní nǹkan kan. Lọ́jọ́ yìí, ẹnu ara rẹ̀ ló ti jáde, èjìká rẹ̀ sì sọ̀ kalẹ̀. Ajá náà ti gbé orí, ṣùgbọ́n ìró tó padà wá ló kọjú sí, ó fẹ́ gbẹ́sẹ̀ lọ síbẹ̀, síbi tí kò sí ilẹ̀. Iye bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ bá a. Kò pariwo mọ́. Ó ń pè é jẹ́jẹ́, kí àpáta má baà gbọ́, bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀: "Ojúòtìẹ́. Ojúòtìẹ́. Máa bọ̀. Máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi." Etí tó gé yẹn dìde. Ajá náà yí padà, ó fi imú wá ọ̀nà, ó wá títí orí rẹ̀ fi kan orúnkún Iye.

Iye jókòó sórí àpáta bí òjò ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú funfun méjèèjì yẹn. Èmi tí mo ti sáré dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo gbọ́ ohun tó sọ fún un: "Ojú tìẹ ti tì pa bí ilẹ̀kùn, ojú sì ń ti èmi náà." Ṣẹ́gun rọra sún mọ́ wa pẹ̀lú àpò rẹ̀. "Iye, Alàgbà ti ní kí n máa gbé e lọ." Iye ní, "Èmi ni mo bí Alàgbà. Máa lọ, ọmọ mi, òjò ń bọ̀." Bàbá mi wà lẹ́yìn, ó gbọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká okùn náà mọ́ ọwọ́. Kòkó tí a kò rí kó lọ́jọ́ náà tutù, a sì ní láti tún un sá látìbẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, Iye kò bọ́ aṣọ funfun rẹ̀. Ó ní kí màmá mi bá òun pe Èkó. Màmá mi tẹ fóònù, ó ṣí ohùn rẹ̀ síta, ó gbé e síwájú Iye lórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Iye kì í gba fóònù gbọ́, ó máa ń pariwo sí i bíi pé ohùn rẹ̀ ló máa fẹsẹ̀ rìn dé Èkó, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ohùn rẹ̀ rọlẹ̀.

"Ta nìyẹn?" Ohùn Ìyá Délé ti tín-ín-rín.

"Èmi ni. Ìyá Gbénga."

"Mò ń gbọ́."

"Ajá rẹ wà lọ́dọ̀ wa."

"Délé sọ fún mi. Ó ní ẹ ń wá ẹni tó máa gbà á."

"A ti rí i."

"Ta ni?"

"Èmi ni."

A ń gbọ́ fèrè mọ́tò Èkó nínú fóònù náà, àti ẹnì kan tó ń polówó nǹkan lókèèrè. Màmá mi ti yí ojú sí ògiri. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Délé béèrè, rọra, bí ẹni tí kò dá a lójú pé òun fẹ́ gbọ́ èsì.

"Kí lo wá ń pè é?"

"Orúkọ tí o sọ ọ́ náà ni."

"Ṣé ó ń dáhùn?"

Iye wo ajá náà tó dùbúlẹ̀ sídìí odó, tó gbé àgbọ̀n lé ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ó ń dáhùn," ó ní. "Èmi ni mo pẹ́ kí n tó dáhùn."